Omi ń sun kúrò nínú ọbẹ̀ tí mo fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ mú ki

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń mú ọbẹ̀ ki kí n tó rọ ọ́ sínú ọ̀rá, kí n sì gbé e sínú fírísà. Lọ́jọ́ tí mo bá sè é, ó máa ń jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dì tó sì tún yọ́, omi á sun sọ́tọ̀, ìyókù á wá rí hágahàga bíi kànìnkànìn. Mo gbọ́ pé àwọn oníkẹ́míkà máa ń so okùn sítáàṣì mọ́ra kí ó lè lágbára. Ṣé irú èyí ni kí n máa rà?

Ìdáhùn kìíní
Gúlúkóòsì tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ni sítáàṣì, oríṣi okùn méjì ló sì wà nínú rẹ̀: amylose tó gùn gbọọrọ, àti amylopectin tó yọ ẹ̀ka bí igi. Bí a bá sè é, okùn wọ̀nyí á tú, omi á sì ráyè wọ àárín wọn; bí ó bá tutù, pàápàá bí ó bá dì, wọ́n á tún fara mọ́ra, wọ́n á sì fún omi náà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ tí a gbàgbé sínú abọ́ ṣe máa ń rí, tí omi á ti sun yí i ká kí ilẹ̀ tó mọ́. Síso okùn mọ́ra nìkan kò lè dá omi yìí dúró. Ohun tí ìsopọ̀ tí wọ́n ń fi kẹ́míkà tí ń jẹ́ sodium trimetaphosphate ṣe wà fún ni pé kì í jẹ́ kí hóró sítáàṣì fọ́ nínú ọbẹ̀ tó ń hó tàbí tó kan. Ohun tí yóò jókòó sáàárín àwọn okùn náà, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra, lẹ ń wá.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Acetyl, ègé kékeré kan tí a máa ń lẹ̀ mọ́ okùn sítáàṣì, jẹ́ ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú láàbù, a máa ń po sítáàṣì gbígbẹ gíráàmù 162 mọ́ omi mìlílítà 220, a ó wá máa kán gíráàmù 10.2 acetic anhydride, kẹ́míkà tó ń fún sítáàṣì ní acetyl, sí i díẹ̀díẹ̀, láìgbé e kaná, bí a ti ń kán omi sódà (sodium hydroxide) tẹ̀lé e kí pH, òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, má baà kúrò láàárín 8 sí 8.4. Bí ó bá ga jù, sódà náà á tún yọ acetyl tó ti lẹ̀ kúrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo kánjú da sódà sí i, ojú ibi tó bọ́ sí sì di kókó lójú ẹsẹ̀. N kò rí i tú mọ́. Lẹ́yìn èyí, a ó fi hydrochloric acid tí a là mọ́mi mú pH padà sí 4.5, a ó sẹ́ ẹ, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì sá a gbẹ. Ìyẹ̀fun funfun tí a mọ̀ náà ni yóò ṣì jọ. Inú ìkòkò ni ìyàtọ̀ rẹ̀ ti ń hàn.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán èyí wò nílé ìdáná, nítorí èéfín acetic anhydride máa ń jó ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Èyí tí wọ́n ti ṣe fún oúnjẹ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ara àpò rẹ̀: E1414 ní acetyl àti ìsopọ̀ pa pọ̀, ti E1442, hydroxypropyl, ègé mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ló dúró ní ipò acetyl, òun ni èmi yóò sì kọ́kọ́ yàn fún ọbẹ̀ inú fírísà. Ẹ ra díẹ̀, ẹ fi se ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dì kí ó sì yọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wá dà á sínú asẹ́ aláṣọ, kí ẹ wọn omi tó bá jò sílẹ̀.