Tí mo bá wọ DMP láti san gbèsè díẹ̀díẹ̀, ṣé fáìlì kírẹ́dítì mi á bàjẹ́ títí ni? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáMoyọ̀_Woolwich
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí mi ò rí oorun sùn mọ́. £9,100 ni gbèsè tó wà lọ́rùn mi, káàdì méjì, ofadíráfútì ní báńkì tí owó oṣù mi ń wọlé sí, àti catalogue (ọjà àwìn) tí mo fi ra fíríjì àti bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Bàbá mi ló kú ní Ìjẹ̀bú lọ́dún tó kọjá, èmi sì ni àkọ́bí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ìgbà tí mo padà dé látibi ìsìnkú ni ibi tí mo ti ń ṣe kíà wá gé wákàtí wa. Owó tó kéré jù ni mo ń san látìgbà yẹn, èlé ló ń gbé e mì. Oṣù méjì rèé tí mi ò san ńkankan sórí káàdì kan. Àwọn lẹ́tà wọn wà lábẹ́ àpò gàrí ní kíṣìnnì, mẹ́fà nínú ẹ̀ ni mi ò tíì ya.

Tí mo bá yọ réǹtì àti oúnjẹ, £120 ni mo lè mú sílẹ̀ lóṣù. Mo gbọ́ pé mo lè wọ DMP, ìyẹn kí n máa san iye tí agbára mi ká fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ra ilé lọ́jọ́ iwájú, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ní ẹni tó bá wọ irú ẹ̀, báńkì ò ní yá a lówó mọ́ láyé. Ẹlòmíì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àwọn kan á bá mi pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ tí mo bá san £300. Ta ni kí n lọ bá?

Àkànní_SE15
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Ẹ má fún àwọn oní-£300 yẹn ní kọ́bọ̀ o, kò sẹ́ni tó lè pa àkọsílẹ̀ rẹ́ tó bá ti jẹ́ òótọ́. StepChange, National Debtline tàbí Citizens Advice ni kẹ́ ẹ lọ bá, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. StepChange á ṣe DMP ọ̀hún fún yín, gbogbo £120 yẹn ló máa lọ sórí gbèsè, wọn ò ní yọ tiwọn níbẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n nípa Breathing Space, ó ti wà ní England àti Wales láti 2021, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń dá èlé dúró tí wọn ò sì ní lè máa pè yín ṣáá.

Ọ̀rọ̀ "láyé" tí ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Leeds
Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi torí ojú mi ló ṣe. Kì í ṣe DMP fúnra ẹ̀ ló ń ba fáìlì jẹ́, ohun tí olówó kọ̀ọ̀kan bá kọ sórí àkáǹtì tiẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ti ń san iye tí kò tó iye àdéhùn, yálà kí wọ́n kọ dífọ́ọ̀tì, ìyẹn àmì pé ẹ ti yẹ àdéhùn, tàbí kí wọ́n máa kọ AP síbẹ̀ lóṣooṣù, pé ẹ ti jọ ṣètò bẹ́ ẹ ṣe máa san án. Lọ́dún 2017 tí mo wọ DMP, káàdì kan kọ dífọ́ọ̀tì fún mi, mo sunkún, èkejì kọ AP, mo dúpẹ́. Èyí tí mo sunkún lé lórí ti kúrò ní fáìlì mi láti 2023, torí ọdún 6 ni dífọ́ọ̀tì ń lò látọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ ọ́, ẹ ti san tán o, ẹ ò tíì san tán o. Èyí tí mo dúpẹ́ lé lórí, 2022 ni mo tó san án tán, ọjọ́ yẹn sì ni ọdún 6 tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ máa wà di 2028.

Ẹ wá ṣírò tiyín. £9,100 ní £120 lóṣù, oṣù 76 nìyẹn, ọdún 6 àti oṣù 4. Tí wọ́n bá kọ dífọ́ọ̀tì báyìí, àmì ẹ̀ á ti lọ kẹ́ ẹ tó san owó ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ AP ni wọ́n ń kọ títí, ó máa lé ní ọdún 12 kí fáìlì yín tó mọ́. Nítorí náà ẹ kọ ìwé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n kọ dífọ́ọ̀tì, kí wọ́n sì fi déètì tó yẹ sí i. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé tó bá ti pé oṣù 3 sí oṣù 6 tí ẹ ò san bó ṣe yẹ, ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá tí wọn ò dáhùn, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman tó ń parí aáwọ̀ oníbàárà àti báńkì, wọn kì í gbowó.

ÌyáMoyọ̀_Woolwich
Ha, dífọ́ọ̀tì gan an lohun tí mò ń sá fún látọjọ́ yìí, ṣé èmi ni màá wá lọ fẹnu ara mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì_Bolton
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀yọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá mu. Tó bá jẹ́ pé wákàtí iṣẹ́ yín máa padà bọ̀ sípò láàárín oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ sì lè kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ sẹ́yìn san, AP oṣù díẹ̀ sàn ju dífọ́ọ̀tì lọ dáadáa. Fún ìrìn ọdún mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ dífọ́ọ̀tì.

Nǹkan tí kò sẹ́ni tó tíì sọ rèé o: ẹ yára lọ ṣí àkáǹtì sí báńkì mìíì tẹ́ ẹ ò jẹ lówó, kí owó oṣù yín máa gba ibẹ̀ wọlé, KÍ DMP TÓ BẸ̀RẸ̀. Báńkì tẹ́ ẹ jẹ ní ofadíráfútì lágbára láti fi owó oṣù yín dí gbèsè ẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi, ọjọ́ tí wọ́n sanwó fún un ló ṣí àpù wo àkáǹtì ẹ̀, £11 ló kù, réǹtì sì jẹ́ ọjọ́ kejì.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ẹ bá mi dáhùn èyí, èmi àti Ìyá Moyọ̀ jọ ń dá àjọ, oṣù kẹwàá ló máa kó, £1,200. Ṣé kó kó o dà sórí gbèsè?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Leeds
Mọ̀mí, àjọ ò sí lórí fáìlì ẹnikẹ́ni, dídá a dáadáa ò gbé sikọ́ọ̀ sókè. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ lágbára. Tí àkáǹtì kan bá ti ní dífọ́ọ̀tì, ẹ lè sọ fún wọn pé £1,200 lẹ ní, kí wọ́n gbà á dípò £2,000. Tí wọ́n bá gbà, ohun tó máa wà lórí fáìlì ni "partially settled", pé apá kan lẹ san, kò dáa tó "settled", pé ẹ san tán, àmọ́ ọjọ́ kan náà ni dífọ́ọ̀tì yẹn máa kúrò níbẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn KẸ́ Ẹ TÓ sanwó, pé àwọn ò ní béèrè ìyókù mọ́. Ẹ sì sọ fún àwọn StepChange, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ nígboro.

Àkànní_SE15
Tí ẹnikẹ́ni bá ń ti IVA, àdéhùn gbèsè tí òfin dè, sí yín lọ́rùn, ẹ rọra o. Ọdún 5 tàbí 6 lẹ máa fi san án, orúkọ yín á wọ ìwé tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò, ẹ ò sì ní lè yá ju £500 láì gbàṣẹ. DRO, àṣẹ tó ń pa gbèsè rẹ́ fún ẹni tí kò lówó, ti di ọ̀fẹ́ láti 2024, àmọ́ ẹni tí kò bá ṣẹ́ kù ju £75 lọ lóṣù ló wà fún, £120 yín ti kọjá ẹ̀.

ÌyáMoyọ̀_Woolwich
Ẹ ṣé gan an ni. Mo kó àwọn lẹ́tà yẹn jáde lálẹ́ àná, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì mo ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn catalogue ti kọ dífọ́ọ̀tì látinú oṣù kẹta, mi ò tiẹ̀ mọ̀! Mo ti ṣí àkáǹtì tuntun láàárọ̀ yìí, ọ̀la ni màá pe StepChange. Ìbéèrè kan ló kù, tí àmì yẹn bá ti kúrò lẹ́yìn ọdún 6, ṣé gbèsè náà ti lọ nìyẹn?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Leeds
Rárá o Àǹtí, àmì ló lọ. Oṣù mẹ́rin tó bá ṣẹ́ kù, ẹ san án.