Ọ̀gá mi ní "nínú mélòó?", ẹnu mi wọhò: irú ìṣirò wo gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò?

Akọ́ṣẹ́_Láàbù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Mo ti ń sá fún ìṣirò láti kékeré. Bàọ́lọ́jì ni mo yàn, torí mo rò pé ewé àti kòkòrò kò ní bi mí ní ìbéèrè tó ní x àti y nínú. Oṣù tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ ní láàbù kan tí wọ́n ti ń ṣèwádìí irúgbìn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju pé kí n ka èyí tó hù. Irúgbìn inú àwo A, bó ṣe wà la gbìn ín. Ti àwo B, a rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú kí a tó gbìn ín. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, mo kà á: A hù 84, B hù 48. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tayọ̀tayọ̀ pé, "Rírẹ irúgbìn kò ṣàǹfààní kankan. A fi 36 ju B lọ."

Ọ̀gá mi wo ìwé náà, wọn ò bínú, wọ́n kàn ní, "Nínú mélòó?"

Ẹnu mi wọhò. 120 la gbìn sínú A, 60 péré la gbìn sínú B, torí irúgbìn tán lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe, kí n mú àlàyé dátà wá lọ́jọ́ Ajé. (Dátà tí èmi mọ̀ ni èyí tí í tán lórí fóònù.)

Mo ti pín in báyìí: A jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún, B jẹ́ 80. Mo wá kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 75. Ṣé ó tọ́? Àti pé, ṣé ìṣirò ńláńlá ni mo gbọ́dọ̀ lọ kọ́ kí n tó lè jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, àbí ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó?

Kòkòrò_Inú_Ìwé:

Bí ẹ bá lè pín 84 sí 120 láìfi ìka kà, ẹ ti ju àwa kan lọ níbí. Mo ti fa àga, mò ń retí àwọn àgbà.

Ìyá_Máíkírósíkóòpù:

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Ọdún kejìdínlógún mi rèé nínú láàbù, ohun tí mo ń fọwọ́ ara mi ṣe lójoojúmọ́ kò ju kí n rò ó pọ̀, kí n yọ ọ́ kúrò, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po, kí n pín in. Kọ̀ǹpútà ń bá wa ṣe èyí tó le. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè sọ fún ọ ohun tó yẹ kí o fi pín in. Ìbéèrè ọ̀gá rẹ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa.

Wo John Snow, dókítà kan ní London, lọ́dún 1854 tí àrùn kọ́lẹ́rà ń pa wọ́n bí ẹran. Ó ka àwọn tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́, ó sì wádìí iléeṣẹ́ tó ń fún ilé wọn lómi. Southwark and Vauxhall ń fa omi tirẹ̀ níbi tí ẹ̀gbin ìlú ti ń ṣàn wọ odò Thames: èèyàn 1,263 kú nínú àwọn ilé tó ń mu omi rẹ̀. Lambeth ti gbé ẹnu ọ̀pá tirẹ̀ lọ sókè odò níbi tó mọ́: 98. Ìyókù London: 1,422. Bó bá jẹ́ ìwọ ìjẹta ló kà á, wàá ní ìyókù London ni ikú ti ń jà jù. Ó yá, nínú ilé mélòó? Southwark and Vauxhall, 40,046. Lambeth, 26,107. Ìyókù London, 256,423. Pín in, kí o fi ilé 10,000 wọn gbogbo rẹ̀: 315 fún àkọ́kọ́, bíi 37 fún Lambeth, bíi 55 fún ìyókù. Ojú ti là báyìí. Ọ̀rọ̀ inú omi ni. Kò sí x, kò sí y.

Tèmi rèé tí mò ń ṣe láràárọ̀. Mo ní sẹ́ẹ̀lì nínú omi, mo fẹ́ mọ iye tó wà nínú mílílítà kan. Ẹnikẹ́ni ò lè kà á tán. Mo máa po ó mọ́ aró búlúù, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, màá kán an sínú gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fín ìlà tín-ín-rín sí, màá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Àpótí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mò ń kà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá jókòó sórí ìlà òkè tàbí ti òsì, mo kà á. Èyí tó wà lórí ìlà ìsàlẹ̀ tàbí ti ọ̀tún, mo fi í sílẹ̀, kí ẹyọ kan má baà wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Lánàá, mo rí 52, 47, 55 àti 46. Àpapọ̀ rẹ̀ 200. Mo pín in sí 4, ó ku 50. Ìlọ́po 2, nítorí aró tí mo fi là á: 100. Ohun tí àpótí kan gbà kò ju ìdá kan nínú 10,000 mílílítà, torí náà mo sọ 100 di ìlọ́po 10,000. Mílíọ̀nù kan sẹ́ẹ̀lì nínú mílílítà kan. Ó parí.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo gbàgbé 2 yẹn. Mo rò pé sẹ́ẹ̀lì mi kò pọ̀, mo wá ń da ìlọ́po méjì èyí tó yẹ sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń fún ara wọn pa, tí èmi ń dá oògùn tí a ń dán wò lẹ́bi.

Ti 75 rẹ: rárá o. Má pa 70 àti 80 pọ̀. Padà sídìí irúgbìn. 84 àti 48 jẹ́ 132, nínú 180. Kò tó 75. Irúgbìn A jẹ́ ìlọ́po méjì ti B, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ròkè jù.

Akọ́ṣẹ́_Láàbù:

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti pín 132 sí 180. Kakulétọ̀ mi ní 73.3333333. Ṣé kí n kọ gbogbo rẹ̀?

Òṣùwọ̀n:

Ẹ má dán an wò! Ẹ kọ 73. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹnì kan ka irúgbìn 180, kó wá gbé nọ́ńbà méje sẹ́yìn póíǹtì bí ẹni pé ó wọn wúrà.

Ìyá ti sọ èyí tó pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. 80 ju 70 lọ, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà sí irúgbìn kí ẹ tó pariwo. Ká ní B ṣe bíi ti A, 42 ni ì bá hù nínú 60. 48 ló hù. Irúgbìn mẹ́fà, òun ni gbogbo ìyàtọ̀ tí ẹ ní lọ́wọ́. Mẹ́fà lè ṣèèṣì. Ó lè jẹ́ pé ibi tí ẹ gbé B sí móoru díẹ̀. Ẹ má tíì kọ ọ́ pé rírẹ ṣàǹfààní, ẹ má sì kọ ọ́ pé kò ṣe é.

Gíráàmù_Kan:

Ẹ̀gbọ́n Òṣùwọ̀n, ẹ rọra gé nọ́ńbà o, ẹni tó ń kánjú lè gé ìka mọ́ èékánná. Lord Rayleigh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn gáàsì náítírójìn nínú gíláàsì róbótó kan náà. Èyí tó rí láti inú afẹ́fẹ́ wọn gíráàmù 2.3102. Èyí tó rí láti inú kẹ́míkà wọn 2.2990. Ká ní ó gé méjèèjì sí nọ́ńbà kan lẹ́yìn póíǹtì, 2.3 àti 2.3, ọ̀rọ̀ bùṣe, ó lọ sùn. Kò gé e. Ó yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó ku 0.0112. Ó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n, ìyàtọ̀ náà ò kúrò nílẹ̀. Láti ọdún 1892 tó ti kọ́kọ́ rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Nature pé kí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ ran òun lọ́wọ́, bí àbúrò wa ṣe ṣe níbí gẹ́lẹ́. Nígbà tó fi máa di 1894, òun àti William Ramsay, onímọ̀ kẹ́míkà, ti rídìí ọ̀rọ̀: gáàsì kan tí kò tíì lórúkọ ló fara pamọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Argon nìyẹn. Ìyọkúrò lásán ló tú u síta.

Òṣùwọ̀n:

Ẹ jàre mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin Rayleigh, òṣùwọ̀n ló fún un. Ti àbúrò wa, kakulétọ̀ ló fún un. Nínú irúgbìn 180, bí ẹyọ kan ṣoṣo bá hù tàbí tó kọ̀ tí kò hù, iye yẹn á ti fi ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sún. Kí ni 3 méje wá ń wá lẹ́yìn póíǹtì?

Gíráàmù_Kan:

Ẹ ti nà mí. 😂

Ìyá_Máíkírósíkóòpù:

Kí àbúrò má gé e láàárín ìṣirò ṣá. Ìgbẹ̀yìn la máa ń gé e.

Akọ́ṣẹ́_Láàbù:

Mo ti dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ohun tí mo kọ rèé: "A: 84 nínú 120, ìyẹn 70 nínú ọgọ́rùn-ún. B: 48 nínú 60, ìyẹn 80. Ìyàtọ̀ wọn kò ju irúgbìn 6 lọ nínú 60. A kò tíì lè sọ̀rọ̀."

Wọ́n kà á, wọ́n mi orí, wọ́n fa àpò irúgbìn tuntun yọ. Wọ́n ní kí n ka 200 sọ́tọ̀ fún A, 200 fún B, kí n gbé àwo méjèèjì sójú kan náà. Mo ti ka ti A tán. Mo ka ti B dé 137, ẹnì kan pè mí, mo dáhùn. Mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́.