Ṣé òótọ́ ni pé àwọn Lárúbáwá ò lè fìmọ̀ ṣọ̀kan lẹ́yìn ogun?

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá tí mo ń dúró de bọ́ọ̀sì, àwọn àgbà méjì ń jiyàn nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, ọ̀kan ní àwọn Lárúbáwá ò lè sọ ohùn kan láé, pé gbogbo ìpàdé tí wọ́n ń ṣe, ariwo lásán ni, èkejì fàáké kọ́rí, ó ní ṣé kò gbọ́ nípa Khartoum ni, àbí kò gbọ́ nípa epo 1973. Bọ́ọ̀sì dé, mi ò gbọ́ ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi o, torí látìgbà tí ogun Gásà ti bẹ̀rẹ̀ lèmi náà ti ń rò ó pé orílẹ̀-èdè 22, èdè kan náà, owó epo wà lọ́wọ́ àwọn míì nínú wọn, kí ló wá dé tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ kan kó múlẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ.

Tíṣà Àgbà, Sùúrùlérè:
Ọmọ mi, èkejì yẹn ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ní June 1967 Ísírẹ́lì ṣẹ́gun Íjíbítì, Jọ́dánì àti Síríà láàárín ọjọ́ mẹ́fà péré. Nígbà tí August ń parí lọ, àwọn olórí Lárúbáwá pàdé ní Khartoum, olú ìlú Sudan, wọ́n ní àwọn ò ní bá Ísírẹ́lì ṣe àlàáfíà, àwọn ò ní kà á sí orílẹ̀-èdè, àwọn ò sì ní bá a jókòó sọ̀rọ̀. "Rárá" mẹ́ta yìí ni gbogbo ayé ń rántí, àmọ́ lójú tèmi owó ló gbé ìpàdé yẹn dúró. Sáúdí, Kùwéètì àti Líbíà gbà láti máa kó 135 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún Íjíbítì àti Jọ́dánì lọ́dọọdún, torí ogun ti ti Suez Canal pa, owó tí Íjíbítì ń rí níbẹ̀ ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ kí ogun yẹn tó dé, Nasser ti Íjíbítì àti Ọba Faisal ti Sáúdí ò rí ara wọn sójú nítorí ogun Yẹ́mẹ̀n, oníkálukú ló ń ti ẹni tiẹ̀ lẹ́yìn. Khartoum ni wọ́n ti parí ẹ̀, kí ọdún yẹn tó tán àwọn ọmọ ogun Íjíbítì ti kúrò ní Yẹ́mẹ̀n. Síríà ni ò bá wọn jókòó.

Ti 1973 lèmi fojú ara mi rí àbájáde ẹ̀. Ní October, nígbà tí Íjíbítì àti Síríà tún ń bá Ísírẹ́lì jagun, àwọn tó ní epo nínú wọn pàdé ní Kùwéètì, wọ́n ní àwọn á máa dín epo kù lóṣooṣù, kò pẹ́ wọ́n ní àwọn ò tà fún Amẹ́ríkà mọ́. Epo tó ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 3 fún àgbá kan ti sún mọ́ 12 nígbà tí 1974 wọlé. Nàìjíríà ò bá wọn dáwọ́ dúró o, Gowon gé okùn àárín àwa àti Ísírẹ́lì lóṣù yẹn lóòótọ́, àmọ́ ṣe la ń ta epo tiwa lọ, owó sì ń ya wọlé. Òun ló bí Udoji, ìyẹn owó oṣù tí ìjọba fi kún tàwọn òṣìṣẹ́. Mo jẹ́ tíṣà kékeré ní Èbúté Mẹ́ta nígbà yẹn, owó Udoji ni mo fi ra rédíò alákásẹ́ẹ̀tì. Ní 1975, tó o bá dúró sí Bar Beach lálẹ́, iná ọkọ̀ ojú omi lo máa rí tó tò lọ rẹrẹ bíi pé ìlú míì wà lórí òkun, sìmẹ́ǹtì ló kún inú ọ̀pọ̀ wọn, wọn ò ráyè wọ Àpápá. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Kùwéètì ló dé ọ̀dọ̀ wa yẹn.

Ìyá Alájọ Ìdúmọ̀tà:
Ẹ ṣé gan-an Bàbá. Mo ti ń gba àjọ ọjọ́ pẹ́, èèyàn 40 lè jókòó sábẹ́ agboòrùn mi kí gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́, ojú káàdì ni mo ti ń mọ ẹni tó gbọ́. Àmọ́ mo fẹ́ bi yín, tí ọ̀kan bá yẹ àdéhùn nínú wọn, kí ni wọ́n ń fi ṣe?

Ọmọ Kéú, Agége:
Ìyá mi, wọ́n ṣe é fún Íjíbítì. Nígbà tí Sadat, olórí Íjíbítì, fọwọ́ sí àlàáfíà pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní March 1979, wọ́n yọ Íjíbítì kúrò nínú Arab League, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, wọ́n sì kó olú iléeṣẹ́ wọn láti Cairo lọ sí Tunis. Ọdún mẹ́wàá ni Íjíbítì fi wà níta, 1989 ni wọ́n tó gbà á padà.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ má bínú, mi ò rò pé owó nìkan ni. Inú òfin tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1945 ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ó ní ohun tí gbogbo wọn bá fẹnu kò lé lórí ló de gbogbo wọn, èyí tó bá jẹ́ pé àwọn tó pọ̀ jù ló fara mọ́ ọn, ẹni tó bá gbà á nìkan ló dè. Ẹ wo August 1990, Ìráàkì gba Kùwéètì mọ́lẹ̀, wọ́n pàdé ní Cairo, 12 nínú wọn ló dìbò pé kí wọ́n kó ọmọ ogun lọ dáàbò bo Sáúdí, àwọn yòókù lọ ọ̀nà tiwọn.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ohun tí ogun 1967 gbà lọ́wọ́ wọn ò jọra. Sinai ni ti Íjíbítì, Golan ni ti Síríà, West Bank àti apá ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù ló bọ́ lọ́wọ́ Jọ́dánì, àwọn ará Palẹstínì tó ń gbé ibẹ̀ ò sì ní ìjọba tiwọn tó máa bá wọn gbà á. Ní 2002 ní Beirut gbogbo wọn fẹnu kò, wọ́n ní tí Ísírẹ́lì bá kúrò lórí ilẹ̀ 1967, tí Palẹstínì sì di orílẹ̀-èdè, àwọn á bá a ṣe àlàáfíà. Kò kúrò, síbẹ̀ ní 2020 Dubai àtàwọn ìlú tó kù nínú ìjọba wọn, pẹ̀lú Bahrain, lọ bá a fọwọ́ síwèé, wọn ò dúró de ẹnì kankan.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba:
Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ o. Ó wá yé mi ìdí tí àwọn àgbà yẹn ò fi lè parí ẹ̀ nídìí ìwé ìròyìn. Bàbá, kí lẹ máa sọ sí èyí tí Ọmọ Kéú sọ?

Tíṣà Àgbà, Sùúrùlérè:
Mo gbà fún un. Owó ló kó wọn jọ ní Khartoum lóòótọ́, àmọ́ Sinai ni Sadat ń wò nígbà tó yà kúrò lára wọn, ọwọ́ ẹ̀ ì bá tó o ká ní wọn ò pa á ní 1981, torí April 1982 ni Ísírẹ́lì kó kúrò níbẹ̀. Golan Síríà ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí dòní.