Ṣé ká gba yàrá sí Ìdí-Àràbà ni, àbí kí Màámi máa ti Ìkòròdú lọ?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú onítànṣán fún Màámi nítorí jẹjẹrẹ ọyàn, ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí lọ́dún 2019 sí LUTH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Èkó tó wà ní Ìdí-Àràbà. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Agric ní Ìkòròdú là ń gbé. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 12 láàárọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Bọ́ọ̀sì BRT dé Fádéyí, ká tún wọ dáńfó. Nígbà tá à ń lọ fún àyẹ̀wò, Màámi ò ráhùn, ṣùgbọ́n ṣe ló di ìjókòó iwájú mú ṣinṣin.

Àbúrò mi ní ká gba yàrá sí àdúgbò náà: ọsibítù, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ilé oògùn, ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà nítòsí. Àmọ́ owó ọdún kan làwọn ajẹ́ǹtì ń béèrè, kọmíṣọ̀n lọ́tọ̀, owó ìwé àdéhùn lọ́tọ̀. Torí ọ̀sẹ̀ mélòó kan!

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń gba owó oṣù, tí omi wà, tí kò ní àtẹ̀gùn púpọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé aláìsàn lọ síbẹ̀ rí, ṣé wọ́n máa ń gbà kéèyàn yan ọ̀sán dípò àárọ̀?