Ẹja dé inú kòtò omi tí n kò sin ẹja sí

Ìyá Ọlọ́gbà: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. A gbẹ́ kòtò omi kékeré kan sẹ́yìn ilé wa ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn, a sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, nítorí pé mo fẹ́ràn òdòdó òṣíbàtà. Bíríkìlà kó owó wa jẹ, bàbá àwọn ọmọ sì ń torí owó náà bá mi wí títí di òní. N kò fi ẹja kankan síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja wẹ́wẹ́ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ewé báyìí. Aládùúgbò kan tí a jọ ń jà sí ògiri ààlà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ojú mi yóò rí nǹkan. Ṣé kí n dí kòtò náà pa ni, àbí kí n pe àwọn àgbà àdúgbò?

Bàbá Ẹlẹ́ja: Ṣé ó ní irùngbọ̀n bí àrọ̀, àbí ó ní ìpẹ́ bí epìyà? Níbo ni omi rẹ̀ ti wá? Ẹ ti ròyìn bíríkìlà tán, ẹ kò sọ ti omi.

Àdùkẹ́: Ẹ má ba aládùúgbò yín lórúkọ jẹ́, ìyá. Òjò rọ ẹja sí àgbàlá wa ní Ìkòròdú rí. Àrọ̀ ńláńlá ni a bá lórí koríko láàárọ̀, ìyá ọkọ mi sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ṣì ń dùn mí pé a kò sè é.

Bàbá Ẹlẹ́ja: Òjò kọ́. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́, nítorí náà, bí ilẹ̀ bá tutù lóru, ó lè wọ́ kúrò nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan bọ́ sí òmíràn.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹyẹ ló gbé e wá. Ní ilẹ̀ Hungary, àwọn onímọ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ ní ẹyin ẹja jẹ, wọ́n sì rí ẹyin tí kò fọ́ nínú ìgbẹ́ wọn, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì pa ọmọ lẹ́yìn náà. Ọdún 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bàbá Ẹlẹ́ja: Nǹkan bí 2 péré nínú 1,000 ló jáde láìfọ́, ẹja ọ̀hún kì í sì í ṣe epìyà. Ẹnu ni abo epìyà ti ń sàba ẹyin tirẹ̀.

Ìyá Ọlọ́gbà: Ó ní ìpẹ́, kò ní irùngbọ̀n. Omi kànga ẹlẹ́rọ ni a rọ sí i. Ẹni tí ó ń sọ pé mo ń bani lórúkọ jẹ́ kò mọ ohun tí ojú mi ti rí.

Àdùkẹ́: Ohun tí mo sọ náà ni mo tún ń sọ.

Bàbá Ẹlẹ́ja: Òṣíbàtà ńkọ́? Ta ló fún yín?

Ìyá Ọlọ́gbà: Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń sin ẹja ló fà á tu nínú kòtò rẹ̀, tòun ti ẹrọ̀fọ̀ àti omi nínú korobá, kí ó má bàa rọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta, mo sì wo inú korobá náà dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Háà! Ẹ kò sì sọ èyí láti àárọ̀.

Bàbá Ẹlẹ́ja: Ọmọ epìyà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò tó èékánná ọwọ́, ta ni yóò rí i láàárín gbòǹgbò nínú omi ẹrọ̀fọ̀? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn yóò máa jẹ tanwíjí. Bí wọ́n bá ń bí jù, ẹ ju àrọ̀ kan sí i, yóò máa jẹ ọmọ wọn.

Ìyá Ọlọ́gbà: Mo gbọ́, ṣùgbọ́n aládùúgbò yẹn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé àrọ̀ kò ní í sá lọ?

Bàbá Ẹlẹ́ja: Ẹ fi àwọ̀n bo kòtò náà lásìkò òjò, kí ó má bàa rìn lọ bá aládùúgbò yín.