Àrọ̀ onírù pupa mi ti fẹ́ kún táǹkì: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ-Odò béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ẹja sísìn. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo ra àrọ̀ onírù pupa kan, èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní redtail. Nígbà tí mo gbé e délé, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, ó sì ní irùngbọ̀n mẹ́fà tó fi ń fara kan gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ẹja kì í tóbi ju ilé rẹ̀ lọ, pé bí táǹkì bá ti kéré, òun náà yóò kéré. Ní báyìí, gígùn rẹ̀ ti tó láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́.

Táǹkì mi gùn ní 150 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 60, omi inú rẹ̀ sì jìn ní 50, lítà 450 ni gbogbo rẹ̀. Ẹja mẹ́fà ló bá a gbé tẹ́lẹ̀. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kà wọ́n, méjì péré ló kù, ikùn àrọ̀ náà sì rí rogodo bí ẹni pé ó gbé bọ́ọ̀lù mì.

Táǹkì wo ló yẹ kí n rà tẹ̀lé èyí? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni kí n máa fún un lóúnjẹ? Ṣé mo sì lè wá àrọ̀ ńlá mìíràn tì í, kí ó má baà dá wà?

Àgbà-Asẹ́ fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí olùtajà náà sọ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí irọ́ ọ̀hún ti ń jà ràn-ìn láàárín wa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì kékeré ni pé ìdọ̀tí á pọ̀ nínú omi, ara ẹja kò ní le, ìdàgbà rẹ̀ á fà sẹ́yìn, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè wọ́, yóò sì kú láìtọ́jọ́. Ẹni tó ń wò ó láti ìta á ní ẹja náà ti bá ilé rẹ̀ mu, àṣé àìsàn ni ojú rẹ̀ ń rí.

Odò Amazon, Orinoco àti Essequibo ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹja yìí ti wá. Bí a bá ń tọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ, kò ṣòro fún un láti kọjá 45 sẹ̀ǹtímítà kó tó pé ọdún kan. Àgbà rẹ̀ ń gùn ju mítà kan lọ, ó sì lè lò ju ọdún 15 lọ láyé. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ ra táǹkì tó tẹ̀lé èyí, torí ẹ ó tún rà á títí ni. Èyí tí yóò kú sí ni kí ẹ ronú lé lórí.

Bí èmi ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Kí ẹja tó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà tó lè yí padà láìfi imú gbá ògiri, ibi tó wà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú mítà 5 ní gígùn, 3 ní fífẹ̀, àti 1.2 ní jíjìn: lítà 18,000 nìyẹn. Kílò kan ni lítà omi kan wọ̀n, nítorí náà tọ́ọ̀nù 18 lẹ fẹ́ gbé kalẹ̀, a kò tíì ka ògiri mọ́ ọn o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lásán kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Adágún oníkọnkéré lórí ilẹ̀ gidi ni ọ̀rọ̀ yín, kí ó ní òrùlé, kí omi rẹ̀ sì wà láàárín ìwọ̀n Celsius 24 sí 28.

Síbẹ̀, ilé nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹja ń tú amóníà sínú omi láti ibi tó fi ń mí, ẹran tó ń jẹ sì máa ń jẹ́ kí amóníà náà pọ̀ gan-an. Àwọn bakitéríà tó ń gbé inú asẹ́, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, ló ń sọ amóníà di náítíràìtì, tí wọ́n tún ń sọ náítíràìtì di náítíréètì. Májèlé ni méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì lè pa ẹja láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀kẹta kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ máa da lára omi nù kí ẹ máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ló fi lè dín kù. Bí ẹ bá ń lo omi ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ pa kilorínì inú rẹ̀, ìyẹn oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sí i, torí ó ń pa bakitéríà, ó sì ń ba ibi ìmí ẹja jẹ́. Nínú adágún tí mo ṣàpèjúwe yìí, bí ẹ bá pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi, lítà 4,500 ni. Ẹ ti wo ibi tí èyí yóò máa ṣàn gbà jáde?

Ìyá-Òjìjí fèsì:

Àbúrò, Àgbà-Asẹ́ ti sọ ti omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu. Bí ó ti kéré yìí, ẹ lè fún un lóúnjẹ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ kan sí èkejì. Bó bá ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Oúnjẹ oníkóró tó ń rì sísàlẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kí ẹ máa fi edé, ekòló àti ẹja tí a gé sí wẹ́wẹ́ pààrà rẹ̀. Ẹ má fún un ní ẹran màlúù tàbí ti adìyẹ, torí ọ̀rá inú wọn kò bá ara ẹja mu, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹ má sì máa ju ẹja ààyè sí i. Ó ń dùn ún wò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó àrùn wọlé, àwọn bíi goldfish sì ní èròjà kan nínú ara tó ń ba fítámì B1 jẹ́.

Ohun gbogbo tó bá wọ ẹnu rẹ̀ ló ń kà sí oúnjẹ. Mo ti sin irú rẹ̀ rí. Lóru ọjọ́ kan mo gbọ́ "pááù" nínú òkùnkùn. Nígbà tí mo tan iná, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ti fọ́ sí méjì, ẹja náà sì dákẹ́ sí igun bí ọmọ tó mọ ohun tó ṣe. Láti ìgbà náà, inú asẹ́ ni mo ń fi ẹ̀rọ yẹn pamọ́ sí, tí kò lè dé ibẹ̀. Ó tún gbé òkúta kan mì tó tó ẹyin ẹyẹlé, ọjọ́ kẹta ló tó pọ̀ ọ́. Ẹ kó gbogbo òkúta kúrò. Iyanrìn kíkúnná ló dáa, tàbí kí ẹ fi ìsàlẹ̀ táǹkì sílẹ̀ lásán, kí irùngbọ̀n rẹ̀ má baà ha.

Ní ti ẹnìkejì, kì í ṣe ènìyàn, ìdáwà kò pa á lára. Bí ẹnìkejì bá kéré, yóò gbé e mì. Bí kò bá kéré tó, yóò ṣì gbìyànjú, ẹ̀gún lẹbẹ rẹ̀ a há sí i lọ́nà ọ̀fun, àwọn méjèèjì a sì kú. Òjìjí tí mo fi ń jẹ́ orúkọ níbí, òun nìkan ló ń gbé táǹkì tirẹ̀, torí iná ara rẹ̀ lè tó fóltì 350, kò sì yọ àlejò kankan sílẹ̀.

Ọ̀dọ́-Apẹja fèsì:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti dẹ́rù bà á jù. Kí ó gbádùn rẹ̀ fún ọdún méjì, bó bá tóbi jù, kí ó gbé e fún ilé ìṣàfihàn ẹja. Bí wọn kò bá gbà á, odò wà.

Àgbà-Asẹ́ fèsì:

Ọ̀dọ́-Apẹja, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ní èrò yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ìṣàfihàn kì í fi gba redtail mọ́. Èyí tí wọ́n ní ti tó wọn. Ti odò ni kí ẹ má tilẹ̀ dá lábàá. Ní Florida, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1960, àrọ̀ kan láti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà bọ́ sínú omi wọn láti ọwọ́ àwọn tó ń sìn ín. Irú èyí tó ń mí afẹ́fẹ́, tó sì ń fi lẹbẹ wọ́ kọjá lórí ilẹ̀ tútù ni. Ó pọ̀ débi pé àwọn tó ní oko ẹja ní láti ṣe ọgbà yí adágún wọn ká, kí ó má baà wọ́ wọlé wá jẹ ẹja wọn.

Ọmọ-Odò fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo wọn àyè tí mo ní, mítà 5 kò sí níbẹ̀ láéláé. Mo bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ tó ti ní adágún ńlá lábẹ́ òrùlé, tí redtail méjì ti wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì dàgbà ju tèmi lọ púpọ̀. Ó ní òun yóò gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá, báwo ni mo ṣe máa mú un láìpa á lára?

Ìyá-Òjìjí fèsì:

Ẹ má ṣe lo àwọ̀n. Ẹ̀gún lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò wọ ojú àwọ̀n, bí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ ó ya án lára, kò sì ní ìpẹ́ tí yóò dáàbò bo awọ rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ó má baà bì sínú omi lójú ọ̀nà. Ẹ fa omi táǹkì wálẹ̀ títí yóò fi ku díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí ẹ ri ike fífẹ̀ kan sínú rẹ̀, kí ẹ sì rọra darí rẹ̀ wọlé, orí ni kó kọ́kọ́ wọ̀. Ẹni méjì ni kó gbé ike náà. Omi táǹkì yẹn gan-an ni kó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ dé e pa, kí ẹ sì fi okùn dì í, torí ìgbà tó bá dákẹ́ jù lọ ló máa ń fò. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ máa bu omi adágún sínú ike náà díẹ̀díẹ̀ títí ooru omi méjèèjì yóò fi dọ́gba. Kí ẹni náà má sì bínú bí ó bá sá pamọ́ tí kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan.