Mo ra mọ́nítọ̀ tó tóbi, gẹ́ẹ̀mù wá ń fà: kí ni kí n dín kù?

Ọmọ Adó:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Káàdì tó ń ya àwòrán, GTX 1650 ti ilé-iṣẹ́ Nvidia, tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 4GB ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣeré gẹ́ẹ̀mù, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń bá mọ́nítọ̀ 1920×1080 kan (iye pixel, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán, ní ìbú àti ní òró) ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ onínṣì 27 ní ìsọ̀ kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba, 2560×1440 sì ni. Nígbà tí mo so ó mọ́ ẹ̀rọ, lẹ́tà ojú rẹ̀ mọ́ gaara débi pé mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí gẹ́ẹ̀mù ọkọ̀ wíwà tí mo fẹ́ràn jù, frame, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ ń gbé jáde tẹ̀lé ara wọn, tó máa ń jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan já wá sí 34, ọkọ̀ wá ń ta gìgì bí èyí tó ń gba inú kòtò.

Bí mo bá dá a padà sí 1080, eré á yá, ṣùgbọ́n àwòrán á ṣú bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ olóròóró nu gíláàsì. Bí mo bá sì fi í sí 1440 tí mo wá fa gbogbo settings tó ń pinnu ẹwà àwòrán wálẹ̀ pátápátá, àwọn igi á dà bíi páálí. Èwo ni kí n fi sílẹ̀ nínú méjèèjì? Owó káàdì tuntun kò sí o, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá mi sọ ìyẹn.

Ará Ìkẹ́rẹ́:
Àbúrò, o kú ìnáwó. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ. Bí o bá sọ 1920 di ọ̀nà 1080, pixel 2,073,600 ni káàdì ń yà fún frame kọ̀ọ̀kan. Ti 1440 jẹ́ 3,686,400. Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bí o bá sì fi 60 pín sí ìwọ̀n yẹn, nǹkan bí 34 tí o rí gan-an ni yóò kù.

Ní ti àwòrán tó ń ṣú, ohun tó fà á ni pé pixel kan ti 1080 ní láti bo pixel kan àti ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ní ìbú, àti bẹ́ẹ̀ ní òró, lórí mọ́nítọ̀ rẹ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè la pixel sí wẹ́wẹ́, nítorí náà ṣe ni ẹ̀rọ ń po àwọ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀. Ká ní mọ́nítọ̀ 3840×2160 lo rà ni, 1080 ì bá wọ̀ ọ́ rẹ́gí, torí pixel mẹ́rin gééré ni yóò dúró fún ẹyọ kan.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o má kúrò ní 1440, kí o má sì fa ohun gbogbo wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí owó tí settings kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ káàdì kò dọ́gba. Òjìji ni kí o kọ́kọ́ mú, torí fún frame kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń tún un ṣírò. Gbé e kúrò ní òkè pátápátá wá sí àárín, o lè má mọ̀ pé nǹkan yí padà. Lẹ́yìn náà ni kùrukùru àti àwòrán tí omi ń gbé yọ. Texture, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi bo ara àwọn nǹkan inú gẹ́ẹ̀mù, yàtọ̀ ní tirẹ̀: mẹ́mọ́rì ló ń jẹ, kì í ṣe agbára, nítorí náà níwọ̀n ìgbà tí 4GB rẹ kò bá tíì kún, kò ní dín eré kù. Ẹni tó bá ti dúró sí ẹsẹ̀ Olósùnta níbí mọ bí ara àpáta ṣe ń rí. Bí texture bá ti kéré jù, àpáta inú gẹ́ẹ̀mù á dà bí amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ pa. Anisotropic filtering, èyí tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ tó jìnnà mọ́ kedere, fi í sí 16, kò wọ́n rárá.

Ọmọ Ìjerò:
Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí òjìji, ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà tí wọn kò mẹ́nu bà. Wo inú settings bóyá FSR wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí káàdì ya àwòrán kékeré kó tó wá fẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ AMD ló gbé e jáde ní 2021, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì Nvidia pẹ̀lú. DLSS, irú rẹ̀ tí Nvidia ṣe, ni kò lè ṣiṣẹ́ fún ọ, torí àwọn káàdì RTX wọn nìkan ló wà fún. Bí o bá fi FSR sí Quality ní 1440, nǹkan bíi 1707×960 ni káàdì yóò yà ní tòótọ́, tí FSR yóò wá fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n mọ́nítọ̀. Iye yẹn kò tó ti 1080 pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni máàpù àti lẹ́tà ojú gẹ́ẹ̀mù yóò ṣì wà ní 1440 gidi.

Ìyá Alátùn-únṣe:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dán nǹkan kan wò. Fa gẹ́ẹ̀mù náà wálẹ̀ sí 1280×720. Bí frame kò bá pọ̀ sí i, a jẹ́ pé CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń dá a dúró, kò sí ohun tí ẹ lè dín lára àwòrán tí yóò wo ọ̀rọ̀ náà sàn. Ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n gbé wá bá mi lẹ́yìn ọyẹ́ tó kọjá, eruku inú fáànù rẹ̀ nípọn bí òwú. Bó bá sì jẹ́ orí inverter lo ti ń ṣeré gẹ́ẹ̀mù, má jẹ́ kí frame kọjá 60, torí èyí tí mọ́nítọ̀ 60Hz (tó ń yí àwòrán padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kò lè gbé jáde, bátìrì lo ń fi jó lásán.

Ọmọ Adó:
Ẹ ṣeun gan-an, mọ̀mí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà ẹ ṣeun. Ní 720, frame fò lọ sí 80 ó lé, nítorí náà káàdì ni. Mo fi òjìji sí àárín, mo fa omi wálẹ̀, mo fi texture sílẹ̀ ní àárín: 34 di 45. Nígbà tí mo tan FSR, ó dúró sórí 58 sí 60. Gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù kò nílò ìkankan nínú rẹ̀. 1440 gidi ni mo fi í sí. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni wáyà iná ẹ̀gbẹ́ títì inú gẹ́ẹ̀mù náà, tó ń gbọ̀n yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí mo bá ti ń sáré.

Ọmọ Ìjerò:
FSR ló fa ìyẹn, nǹkan tín-ín-rín máa ń ṣòro fún un. Bí Ultra Quality, tó ga ju Quality lọ, bá wà níbẹ̀, bọ́ sí i, kí o sì dín sharpening (ohun tó ń mú kí etí àwòrán mú) kù díẹ̀. Frame mélòó kan á lọ.